Ìrẹsì Kòrónà Kọjá l'Órè, Kò Dúró

Bí ẹ bá dúró ní ìkóríta Orè lọ́dún 2020, tí ẹ rí ọkọ̀ àjàgbé tó ń kó ìrẹsì ìrànwọ́ kòrónà bọ̀ láti Èkó, ẹ ṣe sùúrù, ẹ má tíì sáré lọ gbé abọ́. Ìrẹsì yẹn ò tíì mọ̀ yín. Ó ní láti kọ́kọ́ lọ kí ìjọba ní Àkúrẹ́. Lójú yín báyìí ni yóò ṣe kọjá, á fọn fèrè fún yín, á gba Oǹdó lọ. Tó bá dé Àkúrẹ́, wọn á yà á ní fọ́tò. Pásítọ̀ á gbàdúrà lé e lórí, ààfáà náà á gbàdúrà lé e lórí, kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ pé ìrẹsì ẹ̀sìn kan ni. Lọ́jọ́ tí orí bá wá ta á jí, á gba ọ̀nà tó bá wá padà, á tún já sí Orè tó ti kọjá tẹ́lẹ̀, á wá dúró síbẹ̀ máa ronú bóyá kí òun yà sí ọ̀nà Agbabu ni, àbí kí òun ní ọ̀nà ò dáa. Awakọ̀ èrò tó bá dán irú ẹ̀ wò ní gáréèjì Orè, eyín rẹ̀ ò ní délé pé.

Agbabu tí mò ń wí yìí kì í ṣe ìlú tálákà o. Ẹ má fi abọ́ tó wà lọ́wọ́ wọn wò wọ́n. Orí ọ̀dà ni wọ́n jókòó sí. Kí Ogun Àgbáyé Kìíní tó bẹ́ sílẹ̀ lọ́dún 1914 ni iléeṣẹ́ òyìnbó kan tó ń jẹ́ Nigerian Bitumen Corporation ti ń gbẹ́ ilẹ̀ àdúgbò yẹn kiri. Òyìnbó ti lọ, ọ̀dà ò lọ. Bí oòrùn bá mú dáadáa, ọ̀dà dúdú á máa rọra fà jáde nílẹ̀ bí ẹni tí kò jẹ gbèsè. Kò gba fọ́ọ̀mù, kò béèrè káàdì ìdìbò, kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni mú fọ́tò pàsípọ́ọ̀tù méjì wá. Òfin sì ti sọ pé ohun àlùmọ́ọ́nì tó bá wà lábẹ́ ilẹ̀, ti ìjọba àpapọ̀ ni. Ẹ rí i pé ọ̀dà nìkan ni nǹkan ìjọba àpapọ̀ tó ń dé Agbabu láì kọ́kọ́ gba Àbújá àti Àkúrẹ́ kọjá. Wàhálà ibẹ̀ ò ju pé èèyàn ò lè fi jẹ ẹ̀bà.

Kòrónà ní tiẹ̀ ò bá ẹnikẹ́ni ṣàwàdà. Ọjọ́ 27 oṣù kejì ọdún 2020 ni wọ́n rí ẹni àkọ́kọ́ tó ní in ní Nàìjíríà, ará Ítálì kan. Ọjọ́ 3 oṣù kẹrin ló dé Ìpínlẹ̀ Oǹdó, lára ọ̀gá ológun kan tó ti Íńdíà dé. Gómìnà Rótìmí Akérédolú fúnra rẹ̀ kéde lọ́jọ́ 30 oṣù kẹfà pé ó ti ran òun. Ọjọ́ 2 oṣù keje, Dókítà Wahab Adégbẹ́nró, kọmíṣọ́nnà ètò ìlera wa, dolóògbé. A kì í fi ìyẹn ṣẹ̀fẹ̀, ìbòmú ni mo fi ń bo ẹnu mi bí mo bá dé ibẹ̀. Àwọn tí mo wá bá ṣe lónìí ni àwọn tó mú ìgbákọ dání lọ́dún náà, nítorí àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ fi wá ṣẹ̀fẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti Àbújá, níbi tí àwọn ọlọ́pọlọ ń gbé. Ní oṣù kẹrin ọdún náà, wọ́n jókòó, wọ́n ronú bí wọ́n ṣe máa dá tálákà ìgboro mọ̀ láàrin èrò. Mínísítà tó wà nídìí ètò ọ̀hún, Hájíà Sadiya Umar Farouq, wá là á yé wa: ẹni tí owó inú àkáǹtì rẹ̀ kò bá ju N5,000 lọ, àti ẹni tó jẹ́ pé káàdì ìpè N100 tàbí èyí tó kéré sí i ló ń rà. Áà! Ẹ ò rí i pé wọ́n mọ̀ wá? Ṣùgbọ́n ẹni tó ra káàdì N200 lọ́jọ́ tí ìyá ìyàwó rẹ̀ ń ṣàìsàn, ó ti di ọlọ́lá lójú ìjọba nìyẹn. Bàbá àgbà tí kò ní fóònù rárá, wọn ò rí i kà mọ́ tálákà, wọn ò rí i kà mọ́ olówó, àfi kí wọ́n kà á mọ́ igi kòkó. Tó bá sì jẹ́ ti àkáǹtì ni, mo mọ àwọn kan l'Órè tí báńkì ti yọ owó wọn títí tí àkáǹtì fi wọ abẹ́ òdo. Àwọn wọ̀nyẹn ló yẹ kí wọ́n fi joyè Ààrẹ Tálákà.

Kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, wọ́n ti kó owó lọ sí Kwali lẹ́bàá Àbújá lọ́jọ́ kìíní oṣù kẹrin, wọ́n ń ka N20,000 lé tálákà lọ́wọ́, owó oṣù mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà, N5,000 lóṣù. Owó bébà ni, ọwọ́ sí ọwọ́. Àwọn yìí kan náà ló ń sọ fún wa pé ká má bọ ara wa lọ́wọ́. Ìwé orúkọ tí wọ́n ń lò nígbà náà gba ìdílé mílíọ̀nù 2.6. Lọ́jọ́ 13 oṣù náà, Ààrẹ Buhari ní kí wọ́n fi mílíọ̀nù kan kún un. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ kí kòrónà tó dé ni wọ́n ti kọ ìwé yẹn, tálákà ọjọ́ pípẹ́ ló wà nínú ẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ di tálákà nígbà kónílé-ó-gbélé, ẹ̀yin awakọ̀, ẹ̀yin tí ẹ ń ta búrẹ́dì àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ fún èrò ọkọ̀ l'Órè, tí ọkọ̀ ò wá mọ́, ẹ ti pẹ́ jù. Àwọn àgbà tálákà ti jókòó, ẹ̀yìn ni kí ọmọdé dúró sí.

Ti oúnjẹ iléèwé ló wá pa mí lẹ́rìn-ín jù. Wọ́n ti iléèwé pa. Ọmọ wà nílé. Ìjọba ní oúnjẹ iléèwé kò gbọdọ̀ dúró, kí wọ́n máa bá ọmọ gbé e lọ sílé. Àbújá, Èkó àti Ògùn ni wọ́n ti ṣe é, mínísítà sì sọ lóṣù kẹjọ pé N523.3 mílíọ̀nù ló bá a lọ. Àwọn ọmọ iléèwé Agbabu wà nílé lásìkò yẹn náà o. Iléèwé tiwọn náà tì. Ó jọ pé ebi tiwọn ti gba ọlidé.

Tiwọn ò tiẹ̀ tẹ́ àwọn ará Ọ̀yọ́ lọ́rùn. Kọ́sítọ́ọ̀mù gbé ìrẹsì tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn onífàyàwọ́ fún wọn, àpò 1,800. Wọ́n tú u wò, ni kòkòrò bá ń kí wọn káàárọ̀. Ìjọba Ṣèyí Mákindé ní àwọn ò gbà, kí wọ́n wá gbé nǹkan wọn. Mo gbóríyìn fún wọn, ṣùgbọ́n àwọn kòkòrò yẹn ni mo kí jù. Nínú gbogbo ẹ̀dá tí ètò ìrànwọ́ kàn lọ́dún náà, àwọn nìkan ni ìrẹsì dé ọ̀dọ̀ wọn lásìkò, tó kárí, tí ẹnikẹ́ni ò sì ní kí wọ́n tò sórí ìlà.

Àwọn olówó wá dìde. Báńkì àpapọ̀ ilẹ̀ wa, Dangote, Access Bank àtàwọn ẹlẹgbẹ́ wọn dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ lóṣù kẹta ọdún 2020, wọ́n pè é ní CACOVID. Wọ́n fẹ́ bọ́ ìdílé mílíọ̀nù 1.7 káàkiri Nàìjíríà. Ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n kọ fún ìdílé kan: ìrẹsì kílò 10, gàrí tàbí sèmó kílò 5, páálí índómì méjì, páálí sìpàgẹ́tì kan, iyọ̀ kílò kan, ṣúgà kílò 5. Ṣúgà kílò 5! Ẹni tó kọ ìwé yìí ti bá Yorùbá mu gàrí rí. Kó máa pẹ́ láyé.

Ẹrù yẹn pọ̀ débi pé àwọn tó rà á fúnra wọn ní iléeṣẹ́ ò tètè rí i ṣe tán. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀. Ìgbà tó dé ọwọ́ àwọn ìpínlẹ̀ ni ọ̀rọ̀ di ti kọ́kọ́rọ́. Oúnjẹ ìrànwọ́ kì í jáde lásán nílẹ̀ wa, àfi kí wọ́n ṣí i sójútáyé. Wọ́n á na kánópì, wọ́n á gbé bánà kọ́ tí fọ́tò ọ̀gá kan wà lára rẹ̀, ọ̀gá yẹn á máa rẹ́rìn-ín bí ẹni pé oko bàbá rẹ̀ ni wọ́n ti kórè ìrẹsì náà. Bí ọ̀gá ò bá tíì ráyè, ìrẹsì á dúró dè é. Ebi náà á ní ká dúró dè é. (Ọdún 2020 yìí kan náà ni a dìbò gómìnà ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, lọ́jọ́ 10 oṣù kẹwàá. N ò sọ nǹkan kan o. Kàlẹ́ńdà ni mò ń kà.)

Lọ́jọ́ 22 oṣù kẹwàá yẹn ni àwọn èèyàn já ilé ìkẹ́rùsí Mazamaza l'Ékòó. Ọjọ́ kejì, ó kan Ẹdẹ, ó kan Ìlọrin, ó sì gba ibẹ̀ dé Jos àti Kàlàbá. Èèyàn ń gbé àpò sáré. Òkúrorò àgbàlagbà tí ò lè gbé garawa omi lánàá ń gbé páálí índómì mẹ́fà lórí lónìí, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun sọ̀ ọ́. Ẹgbẹ́ àwọn gómìnà wá jáde láti ṣàlàyé: kì í ṣe pé àwọn kan kó o pamọ́, wọ́n ní àwọn kan lára àwọn ìpínlẹ̀ fi díẹ̀ sílẹ̀ de ìgbì kejì kòrónà ni. Ẹ ò rí ìfẹ́ bí? Ẹni tí kò tíì jẹun ìgbì kìíní, wọ́n ti ń bá a tọ́jú tìgbì kejì. Ká ní wọn ò já ilẹ̀kùn ni, ìgbì kẹrin ì bá bá ìrẹsì yẹn níbẹ̀, pẹ̀lú àwọn ará Ọ̀yọ́ wa ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́fà.

Ẹ wá jẹ́ ká fi àpò kan ṣoṣo dánrawò. Ká ní àpò ìrẹsì kílò 10 kan gbéra l'Órè, ó ń lọ sí Agbabu, wọ́n sì ti kọ ọ́ sí i lára pé ti ìdílé kan ni. Wọ́n kọ́kọ́ gbé e dúró ní sẹkiteríàtì, kí wọ́n lè kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó ti kọjá. Ẹni tó kọ ọ́ sílẹ̀ ò gbọdọ̀ lọ lọ́wọ́ òfo, ó kọ̀wé. Ó dé wọ́ọ̀dù, alága wọ́ọ̀dù ní àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ti ń jìyà látìgbà tí wọ́n ti dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Òótọ́ ni. Ẹgbẹ́ kejì náà gbọ́, wọ́n ní ṣé àwọn ò ní ikùn ni. Ìyẹn náà ò parọ́. Wọ́n bu díẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́ kí wọ́n má bàa dí ọ̀nà. Wọ́n bu díẹ̀ fún ọlọ́kadà tó gbé e, nítorí kò sí owó epo nínú ètò náà, Àkúrẹ́ rò pé ìrẹsì ń rìn ni. Kí ó tó dé Agbabu, àpò ti rọ̀, ó ti ṣeé ká sí abíyá.

Wọ́n wá tò. Akọ̀wé jókòó ti bébà kan àti báírò kan tí kò fẹ́ yọ. Ó ké sí màmá kan:

"Màmá, orúkọ yín ò sí níbí."

"Ìwọ tí mo pọ̀n, o ò mọ orúkọ mi?"

"Mo mọ̀ ọ́n, mà. Ìwé ni ò mọ̀ ọ́n."

"Kí lo wá ń fi báírò ọwọ́ rẹ ṣe?"

Akọ̀wé ò rí èsì fọ̀. Wọ́n fi kọ́ọ̀pù oníke wọn ìrẹsì fún ẹni tí ìwé mọ̀. Índómì tó bá ìrẹsì wá ló dá ẹjọ́ sílẹ̀: páàkì kan fún ènìyàn méjì. Ẹ gbà mí! Wọ́n ṣẹ́ índómì sí méjì, kò sí ìjà. Àmọ́ ọ̀rá ata kékeré tó wà nínú rẹ̀ ńkọ́, ta ni yóò mú un? Àwọn àgbà ní kí ẹni tó dàgbà jù mú ata, kí èkejì mú ọ̀rá òróró. Ẹni kejì ní ilé òun ni wọ́n ti ń jẹ índómì aláìláta? Lọ́dún 1967, àwọn ọmọ ogun Bìáfúrà ń lọ sí Èkó, Orè ni wọ́n ti dá wọn dúró, ìyẹn ni Yorùbá fi ń sọ pé ó le kú, ìjà Orè. Àwọn jagunjagun ìgbà yẹn ò tíì rí ibi tí ìyá méjì ti ń fa ọ̀rá ata kan mọ́ra wọn lọ́wọ́.

Ẹ má sì jókòó síbẹ̀ kí ẹ máa fi ìjọba nìkan rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin náà ńkọ́? Bàbá tó ní oko kòkó tí èèyàn ò lè rìn já kó tó rẹ̀ ẹ́, ọjọ́ tí wọ́n ń kọ orúkọ aláìní ló ti lọ yá sòkòtò tó ya. Ó gbé ọ̀kadà rẹ̀ pamọ́ sínú igbó, ó fẹsẹ̀ rìn wá. Wọ́n bi í pé ènìyàn mélòó ló wà nílé, ó ní mọ́kànlá. Wọ́n dé ilé, wọ́n rí mẹ́rin, pẹ̀lú ewúrẹ́ méje. Ó ní ṣé ewúrẹ́ ò ń jẹun ni? Ẹ tún wo ọmọ ìlú tó ń gbé l'Ékòó láti ogún ọdún, tí kì í wá sí ìpàdé ọmọ bíbí ìlú, tí wọ́n bá pè é fún owó àdáṣe á ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa. Ọjọ́ tí wọ́n dárúkọ ìrànwọ́, nẹ́tíwọ́ọ̀kì dáa.

Àwọn ará wa tó wà l'Ámẹ́ríkà máa ń gbọ́ èyí, wọ́n á mi orí. Ẹ má mi orí púpọ̀. Lọ́dún 2021, ìjọba yín pín $350 bílíọ̀nù fún àwọn ìpínlẹ̀, káńtì àti ìlú, pé kí wọ́n fi wo ọgbẹ́ tí kòrónà dá sílẹ̀. Àwọn ìlú kan pe ará ìlú sí ìpàdé, wọ́n ní kí wọ́n wá sọ ohun tí wọ́n fẹ́. Ìpínlẹ̀ Alabama ní tiẹ̀ wo ọgbẹ́ rẹ̀ yíká, ó rí i pé ẹ̀wọ̀n tuntun ló ń wu òun, ló bá mú $400 mílíọ̀nù nínú owó náà, ó fi sí i. Ó kéré tán, wọ́n ronú ibi tí ẹni tó bá jí ìrẹsì kó á sùn.

Ìjọba tiwa náà gbọ́n lẹ́yìn tí wọ́n já àwọn ilé ìkẹ́rùsí wọ̀nyẹn. Lóṣù kejìlá ọdún 2020, Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí ètò tí wọ́n ń pè ní NG-CARES, $750 mílíọ̀nù. Ẹ̀yáwó ni o, kì í ṣe saara, ọmọ ọmọ yín ló máa san án. Ètò yìí ní oríṣiríṣi ẹsẹ̀: èyí tó ń fún aláìní lówó, èyí tó wà fún àgbẹ̀ lọ́wọ́ FADAMA, èyí tó wà fún oníṣòwò kéékèèké, àti èyí tó ń ṣe iṣẹ́ ìlú bí omi, iléèwé àti ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé. Báńkì Àgbáyé sì wá ṣe é bíi ti ìyá tó mọ ọmọ rẹ̀ lólè: lọ fi owó ẹ rà á ná, gbé e wá kí n rí i, kí n tó san án padà fún ẹ. Ìpínlẹ̀ ló máa kọ́kọ́ náwó, àwọn olùyẹ̀wò á wá kà á, ohun tí wọ́n bá rí ni Báńkì Àgbáyé ń sanwó lé. Fọ́tò ò tó. Ẹ ò mọ bí inú mi ṣe dùn tó nígbà tí mo gbọ́ pé fọ́tò ò tó. N ò tíì gbọ́ irú èyí rí láyé ìjọba wa.

Apá iṣẹ́ ìlú yẹn ni mo sì fẹ́ràn jù, mi ò ní fi ẹ̀fẹ̀ bò ó mọ́lẹ̀. Láti ayé ètò ìdàgbàsókè ìlú tí wọ́n ń pè ní CSDP, tó ṣáájú rẹ̀, ni wọ́n ti ń ṣe é: ará ìlú fúnra wọn á jókòó, wọ́n á mú iṣẹ́ tó jẹ wọ́n lógún, wọ́n á yan ìgbìmọ̀ tiwọn, wọ́n á ṣí àkáǹtì tiwọn, wọ́n á tún dá ìdá mẹ́wàá owó náà sílẹ̀ lápò ara wọn. Kì í ṣe pé Àkúrẹ́ á gbé iléèwé wá fún ẹni tó ń béèrè omi. Nínú gbogbo ọ̀nà tí wọ́n ti gbà pín ìrànwọ́ láti ìgbà kòrónà, èyí ló sún mọ́ ọgbọ́n jù. Kò sí kánópì níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹ ò fi gbọ́ ọ lórí rédíò.

Àmọ́ ẹ̀yin èèyàn mi, mo mọ̀ yín. Ká ní ìpàdé yẹn bọ́ sí Agbabu lọ́la. Baálẹ̀ jókòó, òṣìṣẹ́ kan dé láti Àkúrẹ́ pẹ̀lú bébà fífẹ̀ tó lẹ̀ mọ́ ara igi. Ó ní kí wọ́n dárúkọ ohun tí wọ́n fẹ́. Ọ̀dọ́ kan dìde, ó ní ọ̀nà ni, kí wọ́n da ọ̀dà sí i. Òṣìṣẹ́ ní owó náà ò lè ká ọ̀nà ọlọ́dà, ọ̀dà ti wọ́n, òkè òkun ni wọ́n ti ń kó èyí tó pọ̀ jù wọ Nàìjíríà. Gbogbo ilé dákẹ́. Bàbá kan wo ilẹ̀ tó tẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo ọ̀dà tó lẹ̀ mọ́ bàtà rẹ̀, ó wo ojú òṣìṣẹ́. Ó ní, "Ọmọ mi, ṣé ẹ ti jẹun?"

Àwọn obìnrin ló wá gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn: omi ni, omi tí kò ní máa rùn. Àwọn ọkùnrin fẹ́ gbọ̀ngàn ìpàdé, kí wọ́n lè rí ibi jókòó sí máa sọ̀rọ̀ omi. Wọ́n dìbò, omi wọlé. Ó tó wákàtí méjì kí wọ́n tó fẹnu kò lórí ibi tí kànga ẹlẹ́rọ máa wà, nítorí gbogbo àdúgbò ló rí i pé iwájú ilé tiwọn ni omi dùn jù nílẹ̀. Wọ́n yanjú ìyẹn náà. Wọ́n dáwó, wọ́n gbẹ́ kànga, ẹ̀rọ ṣiṣẹ́, omi yọ, olùyẹ̀wò wá, ó kà á, ó máàkì. Ó ku ẹni tí kọ́kọ́rọ́ ẹ̀rọ máa wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Baálẹ̀ ní òun ni. Alága ìgbìmọ̀ ní òun ni. Ìyálọ́jà ní àwọn tó dìbò fún omi ló yẹ kó mú kọ́kọ́rọ́. Àwọn ọ̀dọ́ ní àwọn ni wọ́n ṣọ́ páìpù lóru. Kí ìjà má bàa ṣẹlẹ̀, wọ́n fi àgádágodo mẹ́rin sí i, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan mú kọ́kọ́rọ́ tiẹ̀. Àwọn mẹ́ta ti wà nídìí kànga láti òwúrọ̀, pẹ̀lú garawa. Ẹni kẹrin ti lọ sóko àna rẹ̀ láti ìjẹta.